Níbo gan-an ni kí n sáìn sí? Ìtàn àyè ìbuwọ́lùwé, láti ààfin Èkó dé inú fóònù yín

1/
Kí ẹ tó sáìn ìwé kankan, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ní kí ẹ sáìn sí dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ka ìtàn ẹ̀. Ìtàn àyè kékeré tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nínú ìwé fún orúkọ wa ni. Ó gùn díẹ̀ o, àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Thread rèé 🧵

2/
Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ní kí n ṣe fídíò mẹ́ta fún àwọn. Wọ́n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀rọ ló ṣe é. Wọ́n ti ní ìwé kan nílẹ̀, wọ́n kàn ti orúkọ mi, iye owó àti ọjọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ sì to ìyókù. Mo kà á títí mo fi dé ibi tí àpótí yẹ́lò kan ti ń tàn yòò pé kí n sáìn síbí. Mo sáìn. Mo rò pé ìwé ti parí.

3/
Kò tíì parí o. Ẹsẹ mẹ́ta ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí yẹn. Èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀ sọ pé wọ́n lè máa fi ojú mi ṣe ìpolówó fún odidi ọdún kan láìsan kọ́bọ̀ kún owó mi. Nígbà tí mo figbe ta, ẹni tó ń dá mi lóhùn ní, "Ṣebí ẹ sáìn?" Mo ní, "Òkè ni mo sáìn sí, mi ò sáìn sí ìsàlẹ̀!"

4/
Mo pe àǹtí mi kan tó jẹ́ lọ́yà n'Ìbàdàn. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ gbà mí, wọ́n fẹ́ fi àpótí yẹ́lò rẹ́ mi jẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ó ti lé ní 150 ọdún tí àwọn èèyàn ti ń ja ìjà tí ò ń jà yìí nílé ẹjọ́. Lọ ka ìtàn àwọn ìwé ìhágún." Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

5/
Nílé la ti máa bẹ̀rẹ̀. Èkó, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọdún 1861. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Prometheus wà lójú omi, gbogbo ìlú sì mọ ohun tí àgbá ogun lè ṣe, torí pé wọ́n ti fi ja Èkó rí lọ́dún 1851. Bedingfield tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà àti McCoskry tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé wá fún Ọba Dosunmu: kó fa Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún. Ọba àti àwọn ìjòyè ẹ̀ fa X síbẹ̀.

6/
Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Akọ̀wé ló kọ orúkọ ọba, bó sì ṣe dún létí tiwọn ló ṣe kọ ọ́: "Docemo". Ọba fa X sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí òun kọ́ ló kọ, nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí òun kọ́ ló kọ, níbi tí ẹlòmíì ti fi sílẹ̀ dè é. Kò pẹ́ tí ọba fi ń kọ̀wé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

7/
Apá kan wà níbẹ̀ tó dùn mí gan-an. Inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé tí ilẹ̀ bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, òǹtẹ̀ Dosunmu tó bá wà lórí ìwé ilẹ̀ náà ni ẹ̀rí pé kò sí ọmọ onílẹ̀ míì tó máa yọjú. Ìyẹn ni pé ọba mọ iṣẹ́ òǹtẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ ohun tí ìbuwọ́lùwé jẹ́. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni àṣẹ lórí ibi tí wọ́n máa fi àmì ẹ̀ sí, àti ohun tí wọ́n máa kọ sókè ẹ̀.

8/
Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìwé yẹn wá ńkọ́? Àwọn gan-an ti ń bá ara wọn fà á nílé lórí ibi tó yẹ kéèyàn sáìn sí. Lọ́dún 1677, wọ́n ṣe òfin kan láti dènà jìbìtì: tí ìwé ìhágún bá kan ilẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ sáìn ín. Òfin ò sọ pé òkè ni o, kò sọ pé ìsàlẹ̀ ni. Lọ́dún 1681, ẹjọ́ ọkùnrin kan dé ilé ẹjọ́. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ "Èmi, John Stanley" sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìhágún ẹ̀, kò sì sáìn sí ìsàlẹ̀. Àwọn adájọ́ ní ó tó, ó ti sáìn nìyẹn.

9/
Ẹ rí wàhálà tó wà níbẹ̀. Tí orúkọ tó wà lókè bá ti tó, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹni náà parí ọ̀rọ̀ ẹ̀? Kí ló máa dá ẹlòmíì dúró kó má fi nǹkan tiẹ̀ kún un nísàlẹ̀? Torí bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1837 wọ́n ṣe òfin ìwé ìhágún tuntun. Èyí ò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ìsàlẹ̀ tàbí òpin ìwé ni kéèyàn sáìn sí, níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

10/
Ó dáa, àbí? Haa! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ gbé òfin náà lérí ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá parí ní àárín ojú ìwé, tí olóògbé wá sáìn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á ní àyè òfìfo wà láàárín, ìwé yẹn ò dúró. Tí kò bá sí àyè mọ́, tó wá sáìn sójú ìwé tó tẹ̀ lé e, ìjà ni. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀ ti kú, ìyàwó pàdánù ilé, nítorí íǹṣì bíi mélòó kan lórí pépà.

11/
Nígbà tó di ọdún 1852, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Lord St Leonards, tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ England nígbà yẹn, ló wà nídìí òfin àtúnṣe. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, ẹ máa rò pé àwọn tó ń ṣe app ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ó ní ìbuwọ́lùwé lè wà lẹ́yìn òpin ọ̀rọ̀, tàbí lábẹ́ ẹ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tàbí kó dojú kọ ọ́. Kò burú tí àyè òfìfo bá wà láàárín. Kò burú tó bá dá wà lójú ìwé kan tí ọ̀rọ̀ kankan ò sí lókè ẹ̀.

12/
Àmọ́ wọ́n fi nǹkan kan tì í: ìbuwọ́lùwé ò ní fi àṣẹ sí ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tàbí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn! Ẹsẹ mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ àpótí yẹ́lò! (Ẹ ní sùúrù, àǹtí mi ṣì máa fi omi tútù dà mí lára.)

13/
Ẹ jẹ́ n fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín. Lord St Leonards tó tún òfin ìwé ìhágún ṣe kú lọ́dún 1875. Wọ́n wá ìwé ìhágún tiẹ̀ tì! Ọmọbìnrin ẹ̀, Charlotte, ló rántí ohun tó wà nínú ẹ̀ lórí, ó sọ ọ́ fún ilé ẹjọ́, wọ́n sì gbà á gbọ́ lọ́dún 1876. Ẹni tó ń kọ́ gbogbo ayé níbi tí wọ́n máa sáìn sí, kò sẹ́ni tó rí ìwé tiẹ̀. Ayé!

14/
Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá dáadáa. Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn òfin England tó wúlò fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1900, di òfin níbí náà. Òfin 1837 àti àtúnṣe 1852 wà lára wọn. Ìwọ̀ Oòrùn wá ní òfin ìwé ìhágún tiẹ̀ nínú àkójọ òfin ọdún 1959. Nítorí náà, ìjà lórí àyè òfìfo yẹn bá ọ̀pọ̀ ìdílé dé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta.

15/
England fúnra wọn yí i padà lọ́dún 1982. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tàbí òpin kúrò. Ohun tí wọ́n ń béèrè báyìí ni pé, ṣé ó hàn pé ẹni yìí fẹ́ kí ìbuwọ́lùwé ẹ̀ fi àṣẹ sí ìwé náà? Lẹ́yìn náà, ẹjọ́ ọkùnrin kan tó kọ orúkọ ẹ̀ sókè ìwé ìhágún dé kóòtù. Ẹlẹ́rìí sọ fún un pé kò tíì sáìn, ó ní òun ti sáìn lókè. Lọ́dún 1992, àwọn adájọ́ ní ìbuwọ́lùwé yẹn dúró. (Ìwé náà ṣubú ṣá, torí pé wọ́n ní ara ẹ̀ ò yá tó láti mọ ohun tó ń ṣe.)

16/
Jámánì ò gbà ní tiwọn. Àwọn fọ́ọ̀mù báńkì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ àyè ìbuwọ́lùwé sí òkè, iye owó wá wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún 1990, ilé ẹjọ́ gíga wọn ní ohun tó wà lókè kì í ṣe ìbuwọ́lùwé fún ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ pa ọ̀rọ̀ dé. Ẹ kíyè sí i: oníbàárà kọ́ ló yan òkè. Ẹni tó tẹ fọ́ọ̀mù ló yàn án.

17/
Ibẹ̀ ni mo ti rí okùn tó so gbogbo ìtàn yìí pọ̀. Lójú ìwé Dosunmu, akọ̀wé ló fi àyè sílẹ̀. Lójú fọ́ọ̀mù báńkì, ẹni tó ń tẹ̀wé ni. Lónìí, ẹ̀rọ ni. Ẹni tó ń sáìn kì í sábà jẹ́ ẹni tó yan àyè. Tí àyè bá wá wà níbi tí kò yẹ, ẹni tó sáìn ló máa ń jẹ ìyà ẹ̀.

18/
Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń yan àyè? Ẹ̀rọ ti ń ṣe lẹ́tà kan fún ọgọ́rùn-ún èèyàn tipẹ́. WordStar jáde lọ́dún 1978, nígbà tó sì yá, nǹkan kan tó ń jẹ́ MailMerge bá a rìn: ẹ kọ lẹ́tà kan, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, kọ̀ǹpútà á kì orúkọ oníkálukú bọ̀ ọ́. Nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde, èèyàn á fi bírò sáìn. Tí ọ̀rọ̀ bá sún sísàlẹ̀, ọwọ́ yín náà á tẹ̀ lé e. Ọwọ́ èèyàn ní ojú.

19/
Lọ́dún 1993, Adobe gbé PDF jáde. PDF máa ń jẹ́ kí ìwé rí bákan náà níbi gbogbo. Gbogbo nǹkan tó wà lórí ẹ̀ ló ní nọ́ńbà: báwo ló ṣe jìnnà sí ẹ̀gbẹ́, báwo ló ṣe jìnnà sí ìsàlẹ̀. 72 ló wà nínú íǹṣì kan. Pépà A4 jẹ́ 595 ní ìbú, 842 ní gíga. Tí ẹ bá fẹ́ fi àpótí ìbuwọ́lùwé sí i, ẹ kàn máa sọ pé: ojú ìwé 3, 100 láti ẹ̀gbẹ́, 120 láti ìsàlẹ̀.

20/
Ẹ̀fọ́rí wá pọ̀ níbẹ̀. Ìkíní: ìsàlẹ̀ ni PDF ti ń kà lọ sókè, àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lójú kọ̀ǹpútà, òkè ni wọ́n ti ń kà wá sísàlẹ̀. Ẹ gbé nọ́ńbà kan láti ibì kan lọ síbòmíì láìyí i padà, àpótí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ á bá ara ẹ̀ lókè. Ìkejì: pépà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ 792 ní gíga, 842 ni tiwa. Ẹ yí pépà padà, àpótí á kúrò níbi tí ẹ fi sí ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì.

21/
Ìkẹta ló mú mi. Ẹni tó ṣe àdéhùn yẹn fi àpótí sí ojú ìwé 3 nígbà tí ìwé ṣì kúrú. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó iṣẹ́ púpọ̀ sínú àdéhùn tèmi. Orúkọ mi gùn (ẹ mọ̀ wá, orúkọ Yorùbá ò mọ ní lẹ́tà márùn-ún 😂). Ọ̀rọ̀ fẹ̀, ó sún sísàlẹ̀, ó wọ ojú ìwé 4. Àpótí ò sún. Nọ́ńbà ni wọ́n fún un, nọ́ńbà ló mọ̀. Ó jókòó sí àárín ọ̀rọ̀ bí àlejò tó sùn gbàgbé lójú ọ̀nà.

22/
Ní báyìí, Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2000, Ààrẹ Clinton buwọ́ lu òfin tó sọ pé ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà lágbára bíi ti bírò. Philadelphia ló ti ṣe é. Ó fi bírò sáìn, ó tún fi káàdì àti password ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ mọ password ẹ̀? "Buddy", orúkọ ajá ẹ̀. Lójú gbogbo ayé! Lọ́dún 2003, wọ́n dá DocuSign sílẹ̀, àwọn míì sì tẹ̀ lé e.

23/
Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí náà kojú wàhálà àpótí tí kì í sún. Ohun tí wọ́n ṣe rèé: dípò nọ́ńbà, ẹ fi àmì kan sínú ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹ kọ /sn1/ síbi tí ẹ fẹ́ kí èèyàn sáìn sí, ẹ fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ kó má hàn lójú. Tí ìwé bá dé, ẹ̀rọ á wá àmì yẹn, á gbé àpótí lé e. Ọ̀rọ̀ sún, àmì sún, àpótí sún. Ẹ rántí òfin 1852: ẹ wo òpin ọ̀rọ̀, ẹ má wọn íǹṣì. Ohun kan náà ni.

24/
Àmì náà ní àléébù tiẹ̀ o. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí ibi méjì láìmọ̀, àpótí méjì lè yọ. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìwé lẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ lè má rí lẹ́tà kankan kà, kò sì ní mọ ibi tí á gbé àpótí sí. Tí ìlà bá sì gé ní òpin ojú ìwé, àpótí lè dá wà lójú ìwé tuntun láìsí ọ̀rọ̀ kankan lókè ẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ojú ìwé tó dá wà báyẹn, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ jáde kó so ó mọ́ ìwé míì.

25/
Omi tútù àǹtí mi rèé. Mo pè wọ́n, mo ń yọ̀: "Àǹtí mi, òfin 1852 ti gbà mí!" Wọ́n ní, "Rọra. Ìwé ìhágún ni òfin yẹn wà fún. Àdéhùn ni tìẹ. Adájọ́ lè sọ pé gbogbo ìwé ni wọ́n fún ẹ, gbogbo ẹ̀ lo gbà." Wọ́n tún ní, "Ìbuwọ́lùwé tó ní èdìdì kọ̀ǹpútà, fáìlì lódindi ló ń dì, ti òkè ti ìsàlẹ̀. Àwòrán orúkọ ẹ tó wà lójú ìwé, ojú lásán ló wà fún."

26/
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irú èdìdì yẹn, ẹ̀rọ máa ń ṣírò gbogbo fáìlì ni. Tí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan padà lẹ́yìn náà, á hàn. Àpótí lè má tiẹ̀ hàn lójú rárá, èdìdì á ṣì dúró. Kí wá nìdí tí àyè fi ṣe pàtàkì? Torí pé ẹ̀rọ kọ́ ló ń ka àdéhùn, èèyàn ni. Láti ìgbà tí a ti ń kọ̀wé, ibi tí a bá ti rí àyè ìbuwọ́lùwé la máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá gbé e síbòmíì, ó mọ̀ ọ́n ṣe tàbí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó ti parọ́ fún ojú wa.

27/
Nílé wa ńkọ́? Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà. Òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, náà gbà á fún káràkátà. Àmọ́ ó yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀, ìwé ìhágún sì wà lára wọn. Ìyẹn ṣì ń fẹ́ pépà, bírò àti ẹlẹ́rìí. Gbogbo ìjà 1837 yẹn ò tíì kú tán.

28/
Báwo lọ̀rọ̀ mi ṣe parí? Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo fi ránṣẹ́, mo sì ṣàlàyé wẹ́rẹ́ pé ibi tí ẹ ní kí n sáìn sí ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbà láti dín ọdún kan kù sí oṣù mẹ́ta. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún un. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì kọ́gbọ́n.

29/
Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ sáìn: ẹ kọ́kọ́ yí ìwé dé òpin pátápátá kí ẹ tó tẹ àpótí. Ẹ ka iye ojú ìwé. Tí ọ̀rọ̀ bá wà nísàlẹ̀ àpótí, ẹ dá ìwé padà, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Tí àpótí bá dá wà lójú ìwé kan, ẹ ní kí wọ́n fi ìlà méjì ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e wá síbẹ̀, àti nọ́ńbà ojú ìwé. Lẹ́yìn tí ẹ bá sáìn, ẹ gba ẹ̀dà tiyín lọ́jọ́ yẹn gan-an.

30/
Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe ìwé fáwọn èèyàn: ẹ so àpótí mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ má so ó mọ́ nọ́ńbà. Ẹ so ìlà tó kẹ́yìn pọ̀ mọ́ àyè ìbuwọ́lùwé kí wọ́n má pínyà. Ẹ fi orúkọ tó gùn jù àti iṣẹ́ tó pọ̀ jù dán an wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Mo ti ṣe tèmi báyìí fáwọn tó ń gbà mí síṣẹ́. Orúkọ mi lódindi, àti àmì ohùn orí ẹ̀, ni mo fi dán an wò. Kò sún kúrò níbẹ̀.

31/
Ó tán o. Dosunmu ò lè ní kí wọ́n tún ìwé yẹn tò. Èmi àti ẹ̀yin lè ní kí wọ́n tún tiwa tò, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ ọ́. Ẹ pín in fún ọ̀rẹ́ yín tó ń gba iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì sọ fún mi nísàlẹ̀: ibo ló burú jù tí ẹ̀rọ ti ní kí ẹ sáìn sí rí? Mo ń kà á 👇🏾